Ẹ jẹ́ ká kàwé torí pé ó dùn

Òwú gígùn rèé o. Ẹni tí dátà ẹ̀ ò bá pọ̀ kó fi í pamọ́, kó padà wá kà á lálẹ́.

Láti oṣù Ṣẹẹrẹ ni ojú ìwé mi ti kún fún àwọn tó ń díje. "Ìwé àádọ́ta kí ọdún tó parí." "Ìwé ọgọ́rùn-ún, ta ló máa bá mi kà á?" Ẹlòmíì á to ìwé jọ bí ẹni to búlọ́ọ̀kù, á ya fọ́tò, á kọ nọ́ńbà sí i lórí. Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nígbà tí ẹnì kan kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹni tí kò bá ka ìwé méjìlá lọ́dún kì í ṣe òǹkàwé, pé eré ló ń ṣe, tí ẹ̀yin èèyàn sì ń fi ọkàn pupa sí i lábẹ́, mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́.

Eré ni mò ń ṣe. Òótọ́ ni. Eré gan-an ni mo sì fẹ́ máa ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, ìwé méje ni mo kà tán. Mẹ́ta nínú ẹ̀, mo ti kà á rí. Ọ̀kan wà tí mo dá dúró ní ojú ìwé 40 torí pé ó sú mi, mi ò sì ní padà sí i láyé. Òmíì wà tí mo pa dé kí n lè lọ dín dòdò, ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rántí ẹ̀. Mo máa ń kàwé nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń kà á tí iná bá lọ, mo máa ń kà á tí mo bá ń dúró kí fídíò parí lórí kọ̀ǹpútà (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe mọ bí ìyẹn ṣe ń pẹ́ tó). Mi ò kì í ṣàkọsílẹ̀. Mi ò kì í fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Tó bá dùn mọ́ mi, màá rẹ́rìn-ín, ẹni tó jókòó tì mí á máa wò mí bíi pé nǹkan ń ṣe mí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ "kà" fúnra ẹ̀ ná. Òun la fi ń ka ìwé, òun náà la fi ń ka owó. Ó jọ pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́. Wọ́n ń ka iye ìwé, wọn ò ka ìwé.

Èyí tó tún wá le jù ni "kàwé". Tí mo bá sọ nílé pé "mò ń kàwé", ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni, "Ìdánwò wo lo tún fẹ́ ṣe?" Mo ti gboyè, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, mo ti ń jẹun nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi, síbẹ̀ tí mo bá gbé ìwé dání, wọ́n á rò pé másítà ni mo fẹ́ lọ ṣe. "Ó kàwé" túmọ̀ sí pé ó lọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. "Kò kàwé", èébú ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí là ń lò fún ẹni tó ń fi ìwé gbádùn ara ẹ̀, òun náà là ń lò fún ẹni tó ń fi ojú tó ti pọ́n wá ìwé ẹ̀rí. Kò yà mí lẹ́nu pé a ò mọ bí a ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ti màmá mi fún yín.

Màmá mi ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn télọ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń ra Aláròyé. Wọn kì í kàn wo iwájú ẹ̀ kí wọ́n gbé e jù sílẹ̀ o. Wọ́n á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti ìpolówó àgbo, àti ìkéde òkú. Tí wọ́n bá ti kan ìròyìn tọkọtaya tó gbé ara wọn lọ sí kóòtù, wọ́n á pe ìyá aláta tó wà ní ìsọ̀ kejì, wọ́n á kà á sókè fún un. Ìyẹn á máa pariwo "Ẹ gbà mí o!", oníbàárà tó fẹ́ ra síìpù méjì á dúró, òun náà á dá sí i. Màmá mi á wá fi ọwọ́ bo apá tó gbẹ̀yìn, wọ́n á ní kí ìyá aláta kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ̀bi ná kí àwọn tó ka ìdájọ́. Mo ti rí ọjọ́ tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ di àríyànjiyàn láti aago mẹ́wàá títí tí wọ́n fi palẹ̀ ọjà mọ́. Ẹ sọ fún mi, ẹgbẹ́ òǹkàwé wo lórí ayélujára yìí ló gbóná tó bẹ́ẹ̀?

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ràn ìwé kíkà?"

Wọ́n ní, "Èmi kẹ̀? Mi ò kàwé. Ìwọ lo kàwé."

Mo ní, "Kí lẹ wá mú dání yẹn?"

Wọ́n ní, "Aláròyé nìyí. Ṣé ìyẹn náà nìwé ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ti lé ní ogún ọdún tí obìnrin yìí ti ń kàwé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, wọn ò sì ka ara wọn mọ́ àwọn tó ń kàwé. Tí àwa bá wá jókòó síbí, tí à ń sọ pé ẹni tí kò bá ka méjìlá kì í ṣe òǹkàwé, ta gan-an là ń lé jáde? Èmi lè fèsì. Mo ní fóònù, mo ní ẹnu. Màmá mi ò ní fèsì. Wọ́n á kàn gbà pé ìwé kì í ṣe tiwọn, wọ́n á ní kí n wá bá àwọn ka òwú dúdú mélòó ló kù.

Tẹ́ ẹ bá sì rò pé ìwé ìròyìn olófòófó kéré sí ìwé gidi, ẹ fi etí sí èyí.

Ní 1929, I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn ẹ̀. Ó ní obìnrin kan ló ń kọ wọ́n ránṣẹ́, Sẹ̀gilọlá lorúkọ ẹ̀. Ó rẹwà nígbà èwe ẹ̀, ó ṣayé dáadáa, àmọ́ ó ti dàgbà báyìí, àìsàn ti dè é mọ́lẹ̀, ó wá fẹ́ fi ẹnu ara ẹ̀ tú gbogbo àṣírí tó bò síta. Àwọn oríkì tó wà lára àkọlé náà ni "Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé". Ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ! Ẹ tún un kà. Àwọn ará Èkó ń retí lẹ́tà ẹ̀ bí ẹ ṣe ń retí apá kejì òwú tí ẹnì kan dá dúró síbi tó dùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé èèyàn gidi ni. Thomas ló ń kọ gbogbo ẹ̀. Nígbà tó di 1930, wọ́n kó lẹ́tà náà jọ, ó di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sì gbà lónìí pé òun ni ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Ẹ ò rí nǹkan. Níbi tí ìwé ìtàn àròsọ wa ti bẹ̀rẹ̀, òfófó ni. Lóòótọ́, Thomas fi ìkìlọ̀ kún un, pé kí ọmọbìnrin má ṣe bíi ti Sẹ̀gilọlá. Ẹ má tàn mí jàre. Kò sẹ́ni tó ń jí lọ ra ìwé ìròyìn torí ìkìlọ̀. Tí Sẹ̀gilọlá bá wà lónìí, ibí yìí ló máa ti kọ ọ́, ẹ̀yin náà lẹ sì máa wà nísàlẹ̀ tẹ́ ẹ ó máa kọ "mo ti jókòó, máa bá a lọ".

Ó yá, adùn tèmi.

Ìtàn ọ̀daràn ni mo fẹ́ràn jù, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí sì ni ọ̀gá mi. Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971, Lápàdé ló wà nínú méjèèjì: ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àmọ́ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó lágídí, ẹnu ẹ̀ mú, ó sì máa ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ fa wàhálà. Tí òun àti ẹlòmíì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn, mo máa ń gbàgbé pé olè kan wà tí wọ́n ń lé. Ẹ̀dà Àjà Ló Lẹrù tí mo ní, àlòkù ni, mo bẹ̀rẹ̀ mú un nínú ìwé tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní Yábà, ₦1,500. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi bírò kọ "IRỌ́!" gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí Lápàdé ti ń fọ́nnu. Mi ò mọ ẹni náà, àmọ́ ó ti di ọ̀rẹ́ mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀ la jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan bi mí pé kí ni mo rí kọ́ nínú ìwé yẹn. Mo rí i kọ́ pé tí aago mọ́kànlá alẹ́ bá ti lù, èèyàn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ orí tuntun.

Èyí tó kàn yìí, mo mọ̀ pé ẹ ó bú mi: tí mo bá ń ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, mo máa ń fo ìwàásù. Ìwé yẹn ti wà láti 1938, Wọlé Ṣóyínká fúnra ẹ̀ ló túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, mi ò sì ní sọ pé Fágúnwà kì í ṣe ọ̀gá. Tí baba yẹn bá ń ṣàpèjúwe iwin kan, á sọ ti ojú, á sọ ti eyín, á sọ ti aṣọ, á sọ ti òórùn, ìwọ fúnra ẹ á wẹ̀yìn wò. Torí ìyẹn ni mo ṣe ń bá a lọ. Àmọ́ tó bá ti ní ká dúró ná, òun fẹ́ gbà wá nímọ̀ràn lórí bí ọmọ ṣe yẹ kó máa ṣe sí òbí, màá ṣí ojú ìwé méjì kọjá, màá pàdé wọn níwájú. Mo ti bá àwọn tó ka ìwé yẹn fún ìdánwò sọ̀rọ̀, wọn ò rántí iwin kankan nínú ẹ̀. Ìbéèrè nìkan ni wọ́n rántí. "Ṣàlàyé ìwà Àkàrà-oògùn." Haba! Igbó tó kún fún iwin, ìbéèrè lẹ fi jáde níbẹ̀?

Ó Le Kú ńkọ́? Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ọ́ ní 1974, Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù ní 1997. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, màmá ẹ̀ ń sọ fún un pé kó tètè mú ìyàwó wálé, òun náà wá há sáàárín obìnrin mẹ́ta. Ẹ̀yìn Àṣàkẹ́ ni mo wà, mi ò sì fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan lórí ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rán olékú fún òde, ìró tí kò kọjá orúnkún pẹ̀lú bùbá alápá gbàgẹ̀rẹ̀, orúkọ ìwé lẹ gbé wọ̀ yẹn o. Ẹ kà á kí ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ wọ̀.

Lóòótọ́, kíka Yorùbá kì í yá mi bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ojú mi á rí "oko" tí wọn ò fi àmì sí, mi ò ní mọ̀ bóyá ọkùnrin ni, àbí mọ́tò, àbí ibi tí wọ́n gbin iṣu sí. Àwọn ìwé tó ti pẹ́ tún wà tí wọ́n kọ kí wọ́n tó ṣàtúnṣe àkọtọ́ ní 1974, tẹ́ ẹ máa rí "aiye" àti "enia". Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń kà á sókè. Etí mi mọ ohun tí ojú mi ò mọ̀. Alábàágbé mi ti rò pé mò ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù rí. Lápàdé ni.

Ibi tí mo wá fẹ́ bá ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ ń polongo èdè jà díẹ̀ rèé. "Ẹ ka ìwé Yorùbá kí èdè wa má bàa kú." Mo mọ̀ pé inú rere lẹ fi ń sọ ọ́. Àmọ́ ta ló ń jẹ oúnjẹ kí oúnjẹ má bàa kú? Kò sí olóúnjẹ kan n'Íbàdàn tó ń sọ fún yín pé ẹ wá jẹ àmàlà kí àmàlà má bàa parẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé ó gbóná, gbẹ̀gìrì wà níbẹ̀, ẹran sì ti ń tán lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sáré. Tẹ́ ẹ bá ti gbé ìwé fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bí ẹni gbé àbójútó arúgbó lé e lọ́wọ́, ó máa gbà á, ó máa kí yín pé ẹ ṣé, ó sì máa gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ sọ fún un pé obìnrin ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ kan wà. Ẹ wá wò ó bóyá ẹ máa rí ìwé yẹn gbà padà.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí náà. Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, iléeṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ kí n ṣe fídíò. Kí n kó ìwé "bí o ṣe lè là" méjìlá dání, kí n sọ pé mo kà wọ́n ní oṣù kan, pé wọ́n yí ayé mi padà. Owó tí wọ́n dá tó fi ra dátà àti epo jẹnẹrétọ̀ oṣù mẹ́ta. Sápá sì wà lẹ́nu ọ̀nà mi nígbà náà, ó ti bọ́ bàtà, ó fẹ́ wọlé. Mo ní ṣé mo lè ṣe é lórí ìwé tí mo kà lóòótọ́. Mo dárúkọ Òkédìjí. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ tẹ̀ síwájú ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀, pé irú ìwé yẹn ò bá wọn mu.

Tó fẹ́ tẹ̀ síwájú. Mi ò gba iṣẹ́ náà. Ó dùn mí fún bí ọjọ́ mẹ́rin, mi ò ní parọ́, torí gààrí ni mo mu parí oṣù yẹn. Mo fi fóònù ṣe fídíò tèmi, mo ka ojú ìwé kan nínú Àjà Ló Lẹrù, mo ń yí ohùn padà láàárín Lápàdé àti ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí lọ́jọ́ yẹn mọ ohun tó kún abẹ́ ẹ̀: "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí lèrè ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á fèsì pé nǹkan le ní ìlú, pé kì í ṣe àsìkò eré. Ó yé mi. Ẹni tó fẹ́ ka ìwé iṣẹ́ kó kà á, èmi náà ka èyí tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé fídíò, ó sì ràn mí lọ́wọ́. Àmọ́ ìgbà tí nǹkan le gan-an ni mo máa ń ka iye ohun tó ṣì ń dùn tí kò tíì wọ́n jù. Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan díẹ̀, omi tútù, ẹ̀pà, tí òjò bá ń lu páànù. Bọ̀ọ̀lì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí iná, tó ń jó èèyàn lọ́wọ́. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú bọ́ọ̀sì. Oorun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrẹsì. Ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń wá tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá kú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwo oúnjẹ kan lọ́jà lè gba ₦1,500 lọ́wọ́ mi, kó sì tán kí n tó nu ọwọ́. Lápàdé ti bá mi gbé ọdún méjì lórí iye kan náà, mo ti yá èèyàn mẹ́ta.

Ẹnì kẹta yẹn ni màmá mi. Wọ́n rí fídíò náà lórí fóònù àbúrò mi, wọ́n ní kí n mú ìwé náà wá, pé ṣé ọlọ́pàá yẹn mú wọn ni àbí kò mú wọn. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Wọ́n gbé e lọ sí ìsọ̀, wọ́n ń kà á fún ìyá aláta, orí kan lójúmọ́, wọ́n sì tún ń fi ọwọ́ bo ìparí. Ìyá aláta ní Lápàdé jọ àbúrò ọkọ òun, torí náà òun ò fọkàn tán an.

Mo ní kí wọ́n dá ìwé mi padà, wọ́n ní kí n lọ wá òmíì. Ẹni tó bá ní Àgbàlagbà Akàn tó fẹ́ tà, kó kọ̀wé sí mi. Ẹ má fi iye owó Lekki ránṣẹ́ sí mi o. Tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín bá ti kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, inú mi á dùn sí i jù.